Màmá Bọ́tìnnì, Ẹni Tó Pe Ìjọba Ìbílẹ̀ Lẹ́jọ́

Ní ọdún 1943, nínú yàrá kan tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ atún-kẹ̀kẹ́-ṣe, ni a bí ìyá tí gbogbo wa pé jọ láti sin lónìí. Bàbá wọn ló ni ìsọ̀ náà, àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ tí kì í pariwo, tó máa ń tẹ́tí sí kẹ̀kẹ́ kó tó fọwọ́ kàn án. Ìyá wọn jẹ́ alágbàfọ̀. Aṣọ dókítà àti aṣọ bíríkìlà jọ ń fẹ́ lórí okùn kan náà ni ní ẹ̀yìnkùlé wọn. Ilé náà kò tóbi, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè pè ní ọrọ̀ níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti mọ́.

Ibi aṣọ àgbàfọ̀ yìí ni ìnagijẹ tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n ti wá. Bí bọ́tìnnì bá já lára aṣọ oníbàárà, Màmá, ọmọ kékeré nígbà náà, á dojú korobá dé, á jókòó lé e, á gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ìyá wọn, á sì rán an padà. Oníbàárà kan bèèrè nígbà kan pé kí ló dé tí bọ́tìnnì aṣọ òun fi wá le ju ti ọjọ́ tí òun rà á lọ. Ìyá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ bi Ìyá Bọ́tìnnì tó jókòó sọ́hùn-ún." Orúkọ náà mọ́ wọn lára. Nígbà tí wọ́n bímọ, ó di Màmá Bọ́tìnnì. Ó tó ìgbà mélòó kan tí àlejò ti fi orúkọ gidi bèèrè wọn ládùúgbò, tí àwọn tó ń bá wọn jẹun pọ̀ ní àwọn kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1950. Orí wọn pé, pàápàá nínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1956 ni ìyá wọn kú, ó sì fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀ tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Màmá parí ìwé mẹ́fà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Àwọn ni wọ́n gba iṣẹ́ àgbàfọ̀ náà ṣe. Àwọn náà ni wọ́n pọn àbúrò wọn, tí wọ́n wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́, tí wọn kò sì jẹ́ kó kúrò níbẹ̀ títí ó fi jáde nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba. Àbúrò náà ni Bàbá Kékeré tí gbogbo yín ń wò níwájú yìí. Kí Bàbá Kékeré forí jì wá bí a bá ń pe wọ́n ní "ó" nínú ìtàn yìí. Ojú tí Màmá fi ń wò wọ́n náà ni.

Ní ọdún 1966, Màmá fẹ́ ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀dà kọ pátákó ìta ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu Bàbá rárá. Ara pátákó ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí. Nígbà tí Bàbá fẹ́ dẹnu kọ Màmá, ṣe ni wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pẹlẹbẹ kan, wọ́n gbé e kọ́ sórí okùn aṣọ: ṢÉ WÀÁ FÉ MI? Wọ́n gbàgbé àmì tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà kan. Màmá gbé pátákó náà wọlé, wọ́n wá ọ̀dà, wọ́n fi àmì ọ̀hún síbi tó yẹ, wọ́n sì gbé e padà sórí okùn. Ìdáhùn tí Bàbá gbà nìyẹn. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Màmá ṣí ìsọ̀ wọn ní ọdún 1971, nínú ìlà ìsọ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ibùdókọ̀, tí wọ́n sì ń gba owó ilé rẹ̀ lóṣooṣù. Ìsọ̀ tóóró ni. Bí oníbàárà méjì bá wọlé, ọ̀kan ní láti jáde kí ìkejì tó lè yí padà. Ní apá ọ̀tún ni ìgò bọ́tìnnì tò sí láti ilẹ̀ dé òkè, oríṣiríṣi àwọ̀, tí wọ́n rán ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́ páálí níwájú ìgò kí ojú lè tètè rí i. Ní apá òsì ni òwú wà, àti síìpù, rọ́bà ìbàdí, abẹ́rẹ́, téèpù ìwọnṣọ àti àlùmọ́gàjí. Kò sí aránṣọ ládùúgbò tí kò mọ ibẹ̀. Màmá kì í sì í ta bọ́tìnnì fún ẹni tí kò bá tíì sọ irú aṣọ tó fẹ́ lò ó fún. Bí ẹni náà bá ní kò kàn wọ́n, wọ́n á ní, "Ó kàn mí. Bó bá já, èmi lẹ máa bú."

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é bọ̀ títí di ọdún 1994. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Màmá dé ìsọ̀, wọ́n bá àmì ọ̀dà pupa lára ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, àmì náà wà lára gbogbo ilẹ̀kùn tó wà ní ìlà náà. Nígbà tó di ọ̀sán, ọkọ̀ kan ń kọjá lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń kéde pé kí gbogbo ọlọ́jà kó ẹrù wọn kúrò kí oṣù tó parí, pé ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ wó ibẹ̀ láti fẹ ibùdókọ̀ lójú. Wọn kò sọ ibi tí àwọn ènìyàn máa kó lọ. Wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní ìwé, wọn kò sì pe ẹnikẹ́ni jókòó.

Ẹbí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé oníjà ènìyàn ni Màmá. Wọn kì í jà. Bí ọmọ tí wọ́n bí bá ń fa wàhálà, ṣe ni wọ́n máa ń lọ tú òwú tó lọ́ mọ́ra títí ara onítọ̀hún á fi balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀dà pupa yìí ká wọn lára. Nígbà tí àwọn ọlọ́jà pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà níwájú ìsọ̀ Baba Oníbàtà tó ń ṣe bàtà ní ìlà náà, tí gbogbo wọn ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, Màmá kò sọ̀rọ̀ títí ariwo fi rọlẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ẹni tó bá fẹ́ gba yàrá lọ́wọ́ ayálégbé, ṣebí ó máa ń fún un lákòókò? Ìjọba ìbílẹ̀ ni onílé wa. Kí wọ́n ṣe bí onílé. Ẹ jẹ́ ká lọ kóòtù."

Ọ̀rọ̀ náà yà wọ́n lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ pé ọlọ́jà kan pe ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́jọ́ rí. Gẹ́rígẹ́rí, tó ń gẹrun nínú ìsọ̀ tó wà ní ìkángun, ní bí ẹni fẹ́ fọwọ́ fa ìrù ajá ni. Baba Oníbàtà ní, "Mo wà lẹ́yìn yín." Àwọn yòókù náà gbà, wọ́n sì dá owó lọ́yà.

Òkè ilé kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ náà ni ọ́fíìsì agbẹjọ́rò tí wọ́n lọ bá wà. Màmá wọlé, wọ́n rí i pé bọ́tìnnì ti já tán lára aṣọ tí agbẹjọ́rò náà wọ̀ láti lọ sílé ẹjọ́. Kí wọ́n tó jókòó, wọ́n ní, "Lọ́yà, ẹ bọ́ ọ ná." Agbẹjọ́rò rò pé wọ́n ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ wọn, ó bọ́ ọ. Bí Màmá ti ń rán an ni wọ́n ń ṣàlàyé ẹjọ́ wọn. Agbẹjọ́rò náà, tó wá bá ẹbí kẹ́dùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ló sọ èyí fún wa. Ó ní kò sí oníbàárà tó ṣe àlàyé tó já gaara tó bẹ́ẹ̀ fún òun rí.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìjọba ìbílẹ̀ yìí kan náà ni àbúrò Màmá ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀ka tó ń rí sí ilé àti ilẹ̀ ló wà. Nígbà tí ìwé ìpẹ̀jọ́ dé ọ́fíìsì wọn, tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì gbọ́ ẹni tí Màmá jẹ́ sí i, ó wá sílé ní ọjọ́ Àìkú, kò sì lè jókòó dáadáa.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí."

Màmá bi í pé, "Ṣé wọ́n ní kí o wá sọ fún mi ni, àbí ìwọ fúnra rẹ lo rò ó?"

"Èmi ni. Mo níyàwó, mo lọ́mọ. Ibi iṣẹ́ yẹn ni mo ti ń jẹun."

"Èmi náà, ibi tí wọ́n fẹ́ wó yẹn ni mo ti ń jẹun. Ibẹ̀ náà nìwọ ti jẹun kó o tó dé ọ̀dọ̀ wọn."

Kò sí ìgbà mìíràn tí Màmá ka oore sí àbúrò wọn létí. Ó dun àwọn alára bí wọ́n ti sọ ọ́ tán. Wọ́n ní kó jókòó kó jẹun. Ó ní òun ti yó, ó sì lọ.

Kò pẹ́ tí àwọn olùpẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ìjọba ìbílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣèlérí ìsọ̀ fún ẹni tó bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Gẹ́rígẹ́rí yọ tirẹ̀. Ìyá tó ń ta abọ́ yọ tirẹ̀, ó sì wá sunkún lọ́rùn Màmá. Màmá ní kó nu ojú rẹ̀, pé ẹni tó ní ọmọ nílé kò lè máa bá àwọn jókòó ti ìrètí. Wọ́n ránṣẹ́ sí Màmá náà. Ìsọ̀ tó dára jù, tó kọjú sí títì, ni wọ́n fi lọ̀ wọ́n. Màmá bèèrè pé Baba Oníbàtà ńkọ́. Ẹni tí wọ́n rán ní àwọn kò tíì dé orí tirẹ̀. Màmá ní, "Ó dáa, bí ẹ bá dé orí tirẹ̀, ẹ padà wá." Wọn kò padà wá. Àwọn méjèèjì ló kù lórí ìwé ẹjọ́. Nígbà tí àìsàn dá Baba Oníbàtà dùbúlẹ̀, ó ku Màmá nìkan tó ń lọ sí kóòtù.

Ní ọdún 1995, nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wá fi àgádágodo ńlá ti ìsọ̀ Màmá pa, tọjàtọjà. Màmá kò bá wọn fa wàhálà. Wọ́n lọ gbé tábìlì ìdáná wá láti ilé, wọ́n lọ yá òwú àti bọ́tìnnì lọ́wọ́ àwọn aránṣọ tó ti ń rà á lọ́wọ́ wọn láti ọdún gbọọrọ, wọ́n sì tẹ́ ẹ síwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí lójoojúmọ́ nínú oòrùn. Bàbá, tí kì í sọ̀rọ̀, kọ pátákó kan wá fi ti ẹsẹ̀ tábìlì: A WÀ NÍTA NÍTORÍ ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọkọ̀ ló ń kà á. Adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí ìsọ̀ náà títí ẹjọ́ máa fi parí, wọ́n sì wá ṣí i. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá ṣí i ra síìpù kó tó lọ.

Ní ọdún 1996 ni ìjọba ìbílẹ̀ pe ẹlẹ́rìí wọn. Àbúrò Màmá ni. Ilé ẹjọ́ kún. Màmá jókòó síwájú, wọ́n ká ọwọ́ lérí itan. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀yìn pọ̀n dìde lọ búra, kò wo apá ọ̀dọ̀ wọn.

Agbẹjọ́rò ìjọba ìbílẹ̀ bi í pé kí ló rí nígbà tó lọ wo ìsọ̀ náà. Ó ní òun rí àtíbàbà páànù tí ẹni tó ni ìsọ̀ náà fà síwájú kọjá ààlà tí wọ́n fún un, tó sì dé orí gọ́tà. Ariwo ta láàárín èrò. Ojú Màmá kò yí padà.

Adájọ́ kọjú sí Màmá. "Màmá, ṣé òótọ́ ni?"

Màmá dìde. "Òótọ́ ni, Olúwa mi. Òjò ló ń rọ sórí àwọn tó ń ra ọjà."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Agbẹjọ́rò Màmá dìde lọ bá ẹlẹ́rìí. Ó ní, "Ìwé ìkìlọ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ sọ pé wọ́n fún ayálégbé yìí kó tó di pé wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́dà, ta ló mú un lọ fún un?"

Àbúrò Màmá gbójú sókè wo àárín èrò. Ọ̀gá rẹ̀ jókòó sí ìlà kejì, ó ń wò ó.

"Ẹ dá wa lóhùn."

Ó ní, "Èmi ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Wọn kò fún mi ní ìwé kankan mú lọ. Ọ̀dà ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́."

Ọwọ́ àbúrò wọn ló fi àmì pupa sára ilẹ̀kùn wọn. Màmá kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé lọ́jọ́ náà, wọn kò lè jẹun. Bàbá jókòó tì wọ́n, wọ́n wá bi Màmá pé, "Irọ́ wo ló pa mọ́ ọ nínú gbogbo ohun tó sọ?" Màmá ní kò pa irọ́. Bàbá ní, "Ó tán." Ní ọjọ́ kejì, Màmá pe káfíńtà, wọ́n ní kó tú àtíbàbà náà. Láti ọjọ́ náà, òjò ń pa oníbàárà.

Ṣùgbọ́n Màmá kò bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀. Kí a má purọ́ nítorí pé a wà nílé ìjọsìn: ó lé ní ọdún kan. Ẹnu ìyá tó ń ta abọ́ ni wọ́n ti wá gbọ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ ti yọ àbúrò wọn kúrò ní ọ́fíìsì, pé ààtàn ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́yìn ìlú ni wọ́n gbé e lọ, kó máa ka ọkọ̀ ìdọ̀tí tó ń wọlé. Màmá ti ìsọ̀ ní ọ̀sán gangan, ohun tí wọn kì í ṣe, wọ́n sì lọ sílé rẹ̀. Wọ́n bá a ní ẹ̀yìnkùlé tó ń fọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní wọ́n ti gbé ọ lọ sí ààtàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀ ń bínú sí mi."

Màmá ní, "Mo ń bínú sí ọ. Ṣé mo wá kọ̀ ọ́ ni?"

Wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fọ bàtà kejì. Bàbá Kékeré ló ní ká kọ èyí sínú ìwé yìí bí ó ti rí gan-an.

Ìdájọ́ jáde ní ọdún 1998. Adájọ́ ní ayálégbé ni ọlọ́jà tó ń san owó ilé lóṣooṣù, kò sì sí ẹ̀tọ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ láti fi ọ̀dà àti àgádágodo lé e jáde. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé, kí wọ́n fún un lákòókò, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu rẹ̀, òun àti gbogbo ẹni tó wà ní ìlà náà, títí kan àwọn tó ti yọ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ó tún ní ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni, pé bí wọ́n bá ti ṣe é bó ti tọ́, wọ́n lè gbà á padà. Àwọn ènìyàn bú sáyọ̀. Màmá fa agbẹjọ́rò wọn láṣọ.

"Lọ́yà, ṣé a jàre àbí a jẹ̀bi?"

"A jàre, Màmá. Àmọ́ ẹ ó kó kúrò bó bá yá."

"Ìyẹn kò burú. Kí wọ́n ṣáà ti kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn lóòótọ́. Ní ọdún 2001, ìjọba ìbílẹ̀ kọ ìwé, wọ́n pe gbogbo ọlọ́jà jókòó, wọ́n sì fi ìsọ̀ tuntun hàn wọ́n kí wọ́n tó wó àtijọ́. Màmá fúnra wọn ló di ìgò kọ̀ọ̀kan. Baba Oníbàtà, tí ara rẹ̀ ti yá, gba ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Gẹ́rígẹ́rí náà gba ìsọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ kí Màmá bú u rí, àmọ́ wọ́n máa ń ní kó wá fi ọ̀fẹ́ gẹrun fún Bàbá, kò sì jiyàn.

Àwọn ọlọ́jà fi Màmá ṣe ìyá ẹgbẹ́ láti ọdún 2002 títí di 2012. Ẹni tí onílé bá ń dà láàmú á wá bá wọn. Wọ́n á gbọ́ ọ tán, wọ́n á ní, "Èmi kò kàwé òfin. Ẹ jẹ́ ká lọ bá lọ́yà," wọ́n á sì bá a gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì lọ́yà náà, kódà nígbà tí orúnkún kò fẹ́ mọ́. Nínú ìjọ, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú aṣọ àwọn akọrin. Wọn kò lè kọrin, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò ní kí wọ́n má kọ ọ́ sókè.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọdún 2006. Màmá gbé ìsọ̀ lé ọmọbìnrin wọn kejì lọ́wọ́ ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń lọ jókòó síbẹ̀ ní àárọ̀, wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ oníbàárà irú aṣọ tí wọ́n fẹ́ rán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ara wọn kò yá mọ́. Àìsàn náà kò pẹ́. Àbúrò wọn ló ń fún wọn lómi ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n tún fẹ́. Wọ́n ní kó lọ jẹun, pé ó ti rù. Ó jẹun lójú wọn. Nígbà tó fi máa gbé abọ́ kúrò, wọ́n ti lọ.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni àbúrò wọn kan ṣoṣo; ọmọ mẹ́ta, èyí àkọ́bí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, èyí ìkejì tó wà ní ìsọ̀, àti àbígbẹ̀yìn tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù; àwọn ìyàwó àti ọkọ ọmọ; àwọn ọmọ-ọmọ púpọ̀, àti ọmọ kan tí àkọ́bí nínú àwọn ọmọ-ọmọ náà bí ní oṣù tí Màmá kú, tí wọ́n gbé sí wọn láyà kí wọ́n tó lọ.

Màmá wa, ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ kò fi ẹnì kankan sílẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí ó rọrùn láti fi wọ́n sílẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ ibùsùn yín síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní sọ pé kí ẹ dìde kúrò. Àwa tó kù, a ó máa wo ara wa. Oorun ire o, ìyá wa. Ẹ sinmi.